Kí Ọmọ Má Baà Dójú Tì Yín ní Ṣọ́ọ̀ṣì: Láti Alẹ́ Sátidé Dé Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè

Kò sí òbí tó ń gbé ọmọ kékeré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní ìtàn tirẹ̀. Ti ẹnì kan, ọmọ ló bọ́ pátá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jó lọ síwájú fún ìdúpẹ́. Ti ẹlòmíràn, ọmọ ló na ọwọ́ sínú igbá ọrẹ, ó ní òun fẹ́ gba ṣéńjì. Èyí tí mo gbádùn jù ni ti bàbá kan tó bọ́ síwájú láti jẹ́rìí. Ó ní àwọn ì bá ti tètè dé, àmọ́ ọ̀tá fi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dí àwọn lọ́nà, Ọlọ́run ló kó àwọn yọ. Ọmọbìnrin rẹ̀, tí kò tíì ju ọmọ ọdún 5 lọ, dìde lórí bẹ́ńṣì: “Dádì, a sùn gbàgbé ni.” Onílù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ọ̀pọ̀ nínú ìtìjú tí ọmọ ń kó bá wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè, inú ilé la ti dì í lẹ́rù fún un. Ìdí nìyí tí ìtọ́sọ́nà yìí kò fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe ọmọ yín

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, ara rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ebi ń pa á, oorun ń kùn ún, ooru mú un, tàbí páḿpásì ti kún. Kò sí ìbáwí tó ń pa ebi. Ẹ fún un lọ́yàn, ẹ pọ̀n ọ́n, ẹ pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ó parí.

Láti ọdún 2 sí 4, ẹsẹ̀ àti ohùn ni wàhálà. Ó fẹ́ sáré, kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ ní kó rẹ ohùn sílẹ̀, ó máa sún mọ́ yín, ó máa fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí, gbogbo ìjọ á sì gbọ́ ọ. Kì í ṣe àìgbọràn. Ohùn rẹ̀ kò tíì sí níkàáwọ́ rẹ̀ ni.

Láti ọdún 4 sí 7 ni ẹnu dé. Ó ti ń so ohun tó gbọ́ pọ̀ mọ́ ẹni tó rí, kò sì tíì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo òótọ́ la ń sọ lójú ẹni tó ni ín. Ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù.

Alẹ́ Sátidé: ẹnu àgbà ni ká kọ́kọ́ tọ́jú

Ọmọ tó ń wọ́ mọ́tò ìṣeré kiri nílẹ̀ pálọ̀, tí ẹ rò pé kò fetí sí yín, gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́. Ó gbọ́ pé ìwàásù pásítọ̀ ti ń gùn jù. Ó gbọ́ pé aṣọ ẹgbẹ́ tí Ìyá Ìjọ mú wá ti wọ́n jù, àti pé owó tí Bàbá Ìjọ yá lọ́wọ́ yín ló fi ń ṣe fáàrí kiri. Nígbà tó bá wá rí Ìyá Ìjọ lójúkojú lọ́jọ́ kejì, inú rẹ̀ á dùn pé òun mọ nǹkan kan nípa wọn. Bí ẹ̀yin náà bá pàdé ẹni tí ẹ ti gbúròó rẹ̀, ṣé ẹ kì í sọ ọ́? Ìfẹ́ ló fi ń sọ ọ́, kì í ṣe ìkà.

Bí ẹ kò bá fẹ́ gbọ́ ọ níwájú pẹpẹ, ẹ má sọ ọ́ ní pálọ̀. Ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ àìsàn, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ẹlòmíràn àti ẹ̀sùn ará ìjọ, ẹ gbé e wọ yàrá, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn ìyá wa máa ń fọ ẹnà bí ọmọ bá wà nítòsí, bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ máa fọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Houston, tí ẹ fi èdè Yorùbá ṣe ẹnà nítorí pé àwọn ọmọ yín ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ẹ ṣọ́ra. Ọmọ tí kò lè fi Yorùbá dáhùn lè máa gbọ́ ọ dáadáa, pàápàá ibi tó dùn nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jọ ṣe ṣọ́ọ̀ṣì nínú ilé. Ẹ to àga, kí ọmọ di pásítọ̀, kí ẹ̀yin di ìjọ, kí ẹ tún pààrọ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìwọ̀n orin kan. Bó bá ṣe é, ẹ yìn ín. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ sọ ọ́ di méjì. Ẹ to ìsìn fún un bó ṣe máa lọ: a máa kọrin, a máa gbàdúrà, a máa fi owó sínú igbá, pásítọ̀ máa sọ̀rọ̀ pẹ́ díẹ̀, a máa jó, a máa lọ sílé. Ọmọ tó mọ ohun tó kàn máa ń ní sùúrù ju èyí tó ń béèrè “ṣó ti tó?” lọ. Bí ìjọ yín bá jẹ́ èyí tí àwọn èèyàn ti máa ń fi èdè àjèjì gbàdúrà, tàbí tí ẹ̀mí máa ń gbé wòlíì tó fi ń gbọ̀n, ẹ sọ ìyẹn náà fún un ṣáájú. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ẹ̀rín ló máa kọ́kọ́ mú un, tàbí ẹ̀rù.

Nǹkan mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ kọ́ ọ lálẹ́ yẹn, kó má baà pọ̀ jù. Àkọ́kọ́, bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, kó fa apá aṣọ yín lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì, bó bá rí ẹni tí ara rẹ̀ yàtọ̀, bóyá ó sanra, ó ń tiro, tàbí ojú rẹ̀ kan fọ́, kó tọ́jú ìbéèrè náà di ìgbà tí ẹ bá jáde, ẹ ó sì dá a lóhùn. Ẹ rí i pé ẹ dá a lóhùn lóòótọ́ o, nítorí bí ẹ bá tàn án lẹ́ẹ̀kan, kò ní tọ́jú ìbéèrè mọ́. Ẹ̀kẹta, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fún un ní nǹkan, kó wo ojú yín kó tó gbà á.

Òwúrọ̀: bàtà, aṣọ, ikùn

Bàtà tó ń dún pí-pí-pí, tí iná sì ń ṣẹ́ nídìí rẹ̀ bó ti ń gbẹ́sẹ̀: ẹ fi sílé. Èmi ò rò pé ẹni tó ṣe é ti dé ṣọ́ọ̀ṣì rí. Léèsì tó le gbagidi náà máa ń yún ọmọ lọ́rùn, agbádá ọmọ ọdún 3 kò sì wúlò ju fọ́tò lọ. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ fún un, ẹ fi singiléètì òwú sábẹ́ rẹ̀, ẹ ya fọ́tò tán, kẹ́ ẹ bọ́ agbádá. Gèlè lórí ọmọ ọdún 2, ìjà lẹ ń wá.

Ní ìjọ Sẹ̀lẹ́, wọn kì í wọ bàtà sí sùtánà, nítorí náà ti bàtà ti yanjú, ṣùgbọ́n ẹ wọ ṣòkòtò péńpé sábẹ́ sùtánà ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ọmọ tí ooru bá mú á ká a sókè dé àyà, kò sì ní mọ̀ pé ìjọ ń wo òun. Níbikíbi tí wọ́n bá sì ti ń tan àbẹ́là, ẹ gbé ọmọ jìnnà sí i. Iná tó bá bá apá sùtánà ti kọjá ọ̀rọ̀ ìtìjú.

Kí wọ́n tó jáde nílé ni kí wọ́n ti jẹun yó, ẹ̀kọ àti àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín, oúnjẹ tó máa dúró nínú. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé oúnjẹ ìkórè. Ẹ mú un lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nílé, kẹ́ ẹ tún mú un lọ bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, kó tiẹ̀ ní òun ò ní nǹkan kan láti ṣe.

Ohun tó wà nínú àpò

Àpò yìí ni mo fi ń mọ ìyá tó ti jìyà rí. Bisikíìtì ti kúrò nínú náílọ́nù rẹ̀ láti ilé, ó wà nínú ike olómorí, nítorí pé kò sí ohun tó ń pariwo nígbà àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bíi náílọ́nù bisikíìtì tí ọmọ ń fi eyín fà. Omi wà nínú ìgò tó ní ìdérí, kì í ṣe “píọ́ wọ́tà” tí ọmọ máa fẹnu ya tó máa wá fọ́n sí ẹ̀yìn ẹni iwájú. Odidi ẹ̀pà kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ó lè há a lọ́fun, bẹ́ẹ̀ náà ni súìtì líle. Pátá méjì, ṣòkòtò kan, aṣọ ìnujú tútù, àti náílọ́nù tí ẹ ó kó èyí tó bá bàjẹ́ sí. Ìwé alàwòrán kan. Áńkáṣíìfù ńlá kan tí ẹ lè ká di ọmọláńgidi.

Fóònù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé e fún ọmọ kí ara lè rọ̀ wọ́n. Ní tèmi, kò sàn. Ohùn rẹ̀ máa ń já jáde níbi tí ẹ ò rò, ìgbà tí ẹ bá sì fẹ́ gbà á padà ni igbe gidi bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ẹ máa jókòó

Ìparí bẹ́ńṣì, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ilẹ̀kùn. Ẹ má lọ sí ẹ̀yìn pátápátá, nítorí ẹ̀yìn orí èèyàn nìkan ni ọmọ máa rí níbẹ̀, kò sì sí ohun tó ń sú ọmọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ibi tó ti máa rí onílù àti kúáyà. Ẹ jìnnà sí sìpíkà: etí ọmọ kò lágbára tó tiwa, bí ìkókó bá sì sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìpíkà, ìyẹn kò fi hàn pé kò pa á lára.

Bí ìjọ bá ní ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọdé sí, ẹ mú un lọ síbẹ̀, ẹ mọ ẹni tó ń tọ́jú wọn, kẹ́ ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ fi ń pe ìtọ̀ àti ìgbẹ́ nílé fún un. Mo mọ ọmọ tó ń kígbe “púpù, púpù” tí tíṣà rò pé orin ló ń kọ.

Nígbà tí ìsìn bá ń lọ

Bí orin bá ń lọ, ẹ jẹ́ kó jó, kó pàtẹ́wọ́, kó fò. Ariwo tó bá pa nígbà náà, kò ní pa á nígbà àdúrà. Owó ọrẹ, ẹ má fi lé e lọ́wọ́ láti ilé. Kí igbá dé bẹ́ńṣì iwájú yín kẹ́ ẹ tó fún un, kẹ́ ẹ sì ti sọ fún un pé owó yìí kì í padà bọ̀.

Ìwàásù ló le jù. Bí ara ọmọ bá ti ń yí, tó ń fi ẹsẹ̀ gbá bẹ́ńṣì, tó ti sọ “Mọ́mì” lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ dìde nígbà náà, ẹ má dúró de igbe. Ẹ jáde, kó rìn díẹ̀, kó mu omi, kẹ́ ẹ padà wọlé. Ẹni tó bá fi ojú burúkú wò yín nítorí ẹ dìde, kó lọ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 20. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Eutiku sùn lọ lójú fèrèsé nígbà tí ìwàásù Pọ́ọ̀lù gùn títí dé ọ̀gànjọ́ òru, ó sì ṣubú láti òkè kẹta. Pọ́ọ̀lù ni oníwàásù o, ẹni tó sùn kì í sì í ṣe ọmọ ọdún 3.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ojú. Àwọn ìyá wa kì í la ẹnu bá ọmọ wí lóde, ojú ni wọ́n ń lò. Wọ́n á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ọmọ á fi ẹran sílẹ̀. Wọ́n á la ojú díẹ̀, ọmọ á wá jókòó. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ilé la ti ń kọ́ ọ. Ẹ mú ojú kan fún “jáwọ́”, ojú kan fún “wá síbí”, ojú kan fún “gbà á”. Ẹ lò wọ́n ní ọjọ́ Ajé, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹ sì rí i pé nǹkan ń tẹ̀ lé e: bó bá jáwọ́, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, bí kò bá jáwọ́, ẹ dìde lọ mú un wá. Ọmọ tó jẹ́ pé Sọ́ńdè nìkan ló ń rí ojú yẹn, á rò pé nǹkan ló wọ̀ yín lójú. Tí kò bá sì tíì pé ọdún 3, á kàn rẹ́rìn-ín padà sí yín.

Bó bá ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó le. Àdúrà ti parí, kò sí ẹni tó tíì ṣe ohùn. Ọmọ tẹjú mọ́ obìnrin tó wà níwájú yín, ó ní: “Mọ́mì, ṣé ìyá yìí lẹ ní wọ́n máa ń yá aṣọ wọ̀?” Obìnrin náà kò yíjú padà. Gèlè rẹ̀ dúró gbọin.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ má gbá a lẹ́nu, ẹ má sì rún un nítan, nítorí ọmọ tí wọ́n bá rún nítan máa ń kígbe, á tún béèrè lóhùn rara pé kí lòun ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín kan tirẹ̀, ẹ ní: “Mo gbọ́. Níta la ti máa sọ ọ́.” Bó bá tẹ̀ síwájú, ẹ gbé e jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, láìsáré. Ẹ̀yin tó wà ní Britain, ẹ rántí pé òfin ti ka lílu ọmọ fún ìbáwí léèwọ̀ ní Scotland láti ọdún 2020 àti ní Wales láti ọdún 2022. Àmọ́ kódà ní Ìbàdàn, lílu ọmọ lójú ìjọ kò mú ọ̀rọ̀ náà padà, ńṣe ló ń jẹ́ kí àwọn tí kò gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ máa béèrè.

Nígbà tí ìsìn bá parí, ẹ lọ bá obìnrin náà níbi tí èrò ò ti pọ̀, láìmú ọmọ dání. Ẹ kúnlẹ̀ bó bá jù yín lọ. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú sí ohun tí ọmọ sọ. Ẹnu wa ló ti gbọ́ ọ, kò sì yẹ ká sọ ọ́.” Ó tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ, “mi ò mọ ibi tó ti gbọ́ ọ o”, irọ́ ni, ẹni tó gbọ́ ọ sì mọ̀ pé irọ́ ni. Bí ọmọ bá wà nítòsí, á tún fi kún un: “Ẹ̀yin náà ni.” Ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bí wọ́n bá ní “ọmọdé ni, kò mọ nǹkan kan”, ẹ dúpẹ́, ẹ kúrò níbẹ̀, nítorí àlàyé gígùn máa ń hú òmíràn jáde.

Bó bá jẹ́ pé ara ẹnì kan ló sọ, bíi “kí ló dé tí ẹsẹ̀ bàbá yìí fi kúrú?”, tíyẹn yàtọ̀. Ẹ má bẹ̀bẹ̀ títí bí ẹni pé ẹsẹ̀ bàbá náà jẹ́ ohun ìtìjú. Ẹ ní, “Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá wọn. Kí bàbá.” Kí ọmọ dọ̀bálẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ ló máa ń gbádùn ọmọ tó kí wọn ju àgbà tó ń gbé ojú sá lọ.

Kíkí àgbà àti oúnjẹ lẹ́yìn ìsìn

Bí ọmọ bá kọ̀ tí kò kúnlẹ̀, ẹ má ti orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó. Bí kò bá tún ṣe é, ẹ bá a kí wọn, ẹ máa lọ. Ọmọ tó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé “ẹ fún mi lówó”, ẹ wádìí ẹni tó kọ́ ọ. Ó sábà máa ń jẹ́ àgbà kan tó ń fi í ṣeré. Ẹ bẹ àgbà yẹn kó yé bi í pé “kí lo fẹ́ kí n fún ọ?”

Nígbà tí ẹ bá délé

Ẹ jẹ́ kó jẹun, kó sùn, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Gbólóhùn díẹ̀ tó: “Ohun tó o sọ dun ìyá yẹn. Ìgbà mìíràn, etí mi ni kó o sọ ọ́ sí.”

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ nìyí. Nínú ìbínú, àwọn òbí kan á ní “ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ nílé yìí, o ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, màá gé ahọ́n ẹ.” Ẹ má sọ ọ́ láé. Gbólóhùn yẹn gan-an ni ẹni tó fẹ́ ba ọmọ jẹ́ máa ń lò, bí ọmọ bá sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín tẹ́lẹ̀, á rò pé òfin ilé ni. Ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀ fún un. Owó Dádì, ìjà Mọ́mì àti Dádì, ohun tí a sọ nípa aládùúgbò, ọ̀rọ̀ ilé nìyẹn, a kì í gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án níbi tí pátá bò, tàbí tó ṣe ohun tó dùn ún, tàbí tó ní kó má sọ fún Mọ́mì, kó pariwo rẹ̀, ìbáà jẹ́ tíṣà ọmọdé, ìbáà jẹ́ wòlíì, ìbáà jẹ́ bọ̀ọ̀dá inú ilé. Ó sàn kí ọmọ yín tú àṣírí owó yín fún gbogbo ìjọ ju pé kó di ẹni tí kì í sọ nǹkan lọ.

Ìpàgọ́ àti àìsùn

Níbi èrò ńlá, bí ìsìn Ẹ̀mí Mímọ́ tí ìjọ Rìdíìmù máa ń ṣe ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ní àgọ́ wọn lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ìtìjú kọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́, kí ọmọ má sọnù ni. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú ọrùn aṣọ rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ sì sọ ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára ọmọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. “Ó wà lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀”, “mo rò pé ó wà lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀” ló ń sọ ọmọ nù. Lúùkù orí 2 sọ pé ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni Jósẹ́fù àti Màríà ti rìn kí wọ́n tó mọ̀ pé Jésù kò sí láàárín èrò. Fún àìsùn, ẹ gbé ẹní àti aṣọ ìbora, kí ọmọ sì ti sùn lọ́sàn-án.

Ọjọ́ àwọn ọmọdé

Ọjọ́ yìí ni òbí máa ń kó ìtìjú tí ọmọ ò mọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ ní akọ́sórí láti oṣù tó kọjá, ó ń kà á geere nílé, ó wá dé iwájú, ó ń jẹ etí aṣọ. Ẹ má máa ṣẹ́ ọwọ́ sí i láti ẹ̀yìn. Ẹ jáde síwájú, ẹ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ojú yín bá tirẹ̀ dọ́gba, ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ náà fún un ní ohùn jẹ́jẹ́: “Olúwa ni olùṣọ́àgùntàn mi…” Bó bá gbà á lẹ́nu yín, ẹ dákẹ́ kó máa lọ. Bí kò bá gbà á, ẹ kà á parí pẹ̀lú rẹ̀, kẹ́ ẹ jọ tẹríba, kẹ́ ẹ dì í mú lọ́wọ́ padà sí àyè yín, kẹ́ ẹ sì ṣí ike bisikíìtì.